Bílẹ́ńdà tí mo rà ní Àkúrẹ́: ó mọ wàrà ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ bọ́tà ẹ̀pà tó ọlọ

Ẹni tó bá ń wá bílẹ́ńdà tí yóò máa fi lọ òfíó àti kaṣú, kó lè máa mu wàrà nílé, kó ra irú èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé bọ́tà ẹ̀pà ló wà lọ́kàn rẹ̀, kó fara balẹ̀ kó kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó yọ owó lápò, torí ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú mi rí nílé ìdáná.

Aṣọ ni mo ń rán ní Arákàlẹ̀, n kì í ṣe alásè. Wàrà màlúù tí kò bá ọkọ mi lára mu ló gbé mi dé ìdí bílẹ́ńdà. Bó bá ti fi wàrà mu tíì tán, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó di kó máa wá ilé ìyàgbẹ́ kiri. Kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú ni ara wa kì í lè da ṣúgà inú wàrà màlúù mọ́ tí a bá ti dàgbà tán. Wàrà álímọ́ńdì inú páálí wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá apá Alágbàáká, àmọ́ owó páálí kan ṣoṣo, mo lè fi ra òfíó tí gbogbo ilé á mu títí yóò fi sú wọn.

Ojú títì Ọba Adésidà ni mo ti rà á. ₦60,000 ni wọ́n pè é, a ná an títí tó fi jẹ́ ₦52,000. Wọ́n kọ "5000W" gàdàgbà sára ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Mọ̀mí, èyí á lọ òkúta fún yín." Mo ní kó fi òkúta náà sílẹ̀, kó sọ ti wátì fún mi. Púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́nu okùn rẹ̀, ti 13 amps ni. Iná wa, lọ́jọ́ tó bá pé, kò ju 230 fóòtì (volts) lọ. Ẹ sọ 13 di ìlọ́po 230, iye wátì tó lè gba ojú rẹ̀ kọjá nìyẹn, ẹ ó rí i pé kò tiẹ̀ pé 3000. Báwo ni ẹ̀rọ tó ń jẹ 5000 wátì yóò ṣe máa gba ojú púlọ́ọ̀gì yẹn mu iná? Áyọ́ọ̀nù ni mo ń lò láti àárọ̀ di alẹ́, 1200 wátì ni tèmi, bí mo bá sì tan án, gílóòbù ìsọ̀ mi máa ń ṣú díẹ̀. Bílẹ́ńdà yìí kì í mú un ṣú tó bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" pàápàá gbé e; ó ń kérora, ṣùgbọ́n ó gbé e. Èmi ò mọ ẹ̀rọ 5000 wátì tí jẹnẹrétọ̀ yẹn lè gbé láyé. Nítorí náà, ẹ má ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ wò lọ́wọ́: èyí tó bá wúwo ni bàbà pọ̀ nínú mọ́tò rẹ̀. Tèmi wúwo díẹ̀, kò wúwo púpọ̀.

Òfíó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Gbígbẹ ni mo máa ń rà lọ́wọ́ àwọn Hausa ní ọjà Ṣáṣá, torí tútù kì í wà nígbà gbogbo. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń hú u, ìdí koríko kan ló ń ta sí, ìyẹn ni iyanrìn ṣe máa ń há sínú ara rẹ̀ tó hun jọ. Ẹ fọwọ́ bó o, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ tún bó o, títí omi yóò fi mọ́ gaara. Iyanrìn tí ẹ bá fojú fò, abẹ bílẹ́ńdà ni yóò kọ́kọ́ jẹ, eyín yín ló kàn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà. Ẹ gé ọ̀kan lẹ́nu wò: tó bá rọ̀ dé àárín, ó ti ṣe tán. Tó bá ṣì le nínú, ẹ fi sílẹ̀, torí òfíó tó le ló ń jẹ́ kí jọ́ọ̀gì sán.

Ife òfíó kan, ife omi mẹ́ta. Àmọ́ ẹ má da omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀; bí omi bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, òfíó á kàn máa sá yípo fún abẹ ni, kò ní kúnná. Dàbínù méjì-mẹ́ta tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, ata ilẹ̀ díẹ̀, kànáfùrù ẹyọ kan, ó tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó nípọn, kó gé àgbọn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá tan án, ariwo rẹ̀ á kọ́kọ́ le, ẹ ó máa gbọ́ bí hóró òfíó ṣe ń lu ara jọ́ọ̀gì gbà-gbà-gbà. Tó bá yá, ohùn náà á rọlẹ̀, á di húúú kan náà tí kò dúró. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti paná, kí ẹ̀rọ sinmi, kí ẹ da omi tó kù sí i, kí ẹ tún tan án fúngbà díẹ̀. Níbi iṣẹ́ yìí, n kò rí ẹ̀bi kankan fún bílẹ́ńdà mi. Ó lọ ọ́ kúnná débi pé èérí rẹ̀ kò há mi lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ sísẹ́ ló wá kàn, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi yangàn díẹ̀. Asẹ́ onírin tí a fi ń sẹ́ tíì kò lè mú èérí òfíó dúró. Asẹ́ ògì tí wọ́n ń tà lọ́jà ṣeé lò, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè fún un kó gbẹ. Léèsì ti ní ihò jù. Àǹkárá kì í jẹ́ kí omi kọjá, ó sì lè ṣí aró sí i fún yín. Ṣífọ́ọ̀nù dára díẹ̀, àmọ́ ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, bí ẹ bá sì fún un gan-an, ojú rẹ̀ á là. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ni aṣọ kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun, èyí tí wọ́n ń ta sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì ńlá. Ọ̀pá kan péré á ṣe àpò púpọ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó gé e.

Ìránṣọ rẹ̀ lọ́nà: ẹ kọ́kọ́ rán an ní ojú aṣọ, ẹ gé etí rẹ̀ kù tín-ín-rín, ẹ yí i padà, ẹ tún rán an ní ẹ̀yìn, kí etí tí ẹ gé lè bọ́ sínú ìránpọ̀. Bí ẹ bá rán an lásán bí àwọn kan ti ń ṣe, etí tó ṣẹ́ kù sínú á máa kó èérí jọ, òwú á sì máa bọ́ sínú wàrà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má fi igun sí i, ẹ jẹ́ kó rí róbótó. Inú igun ni nǹkan ti ń kan. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sá a sóòrùn. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ sùn ní tútù, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má gbé wàrà òfíó kaná o. Ìyẹ̀fun pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, á dì bí ògì. Ní ìlú Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń mu ún tí wọ́n sì ń pè é ní horchata, tútù nini ni wọ́n ń mu ún. Tútù nini ọ̀hún gan-an ló wá ṣòro ní Àkúrẹ́. Èyí tí ẹ bá ṣe láàárọ̀ tí ẹ gbé sórí tábìlì, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti kan. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ kò já, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni. Tó bá pín sí méjì, tí omi wà lókè tí funfun wà nísàlẹ̀, kò tíì bàjẹ́, ẹ mì ín. Imú ló ń sọ fún ni pé ó ti kan. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ike ní gáréèjì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tèmi ni mo ti mọ bó ṣe yẹ kó nípọn tó.

Kaṣú ni bílẹ́ńdà yìí fẹ́ràn jù. Apá Ọ̀wọ̀ àti Àkókó ní ìpínlẹ̀ wa kún fún un, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé igi rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé yín kí ẹ wá máa fọ́ kóró rẹ̀ fúnra yín. Epo tó wà nínú èèpo kóró yẹn máa ń jó awọ ara, ọwọ́ á bó, ẹnu á wú. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti bó, tó funfun, tí wọn kò yan, tí wọn kò sì fi iyọ̀ sí. Wákàtí mẹ́rin nínú omi ti tó o. Ife kan sí ife omi mẹ́rin, kò sì nílò sísẹ́ rárá, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ́ di wàrà. Èyí tí wọ́n ti yan, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ẹ fi jẹ ẹ́ ni. Wàrà rẹ̀ máa ń pọ́n, iyọ̀ ló sì máa ń dá lẹ́nu. Ti kaṣú funfun yìí ni ọkọ mi ń dà sínú tíì rẹ̀ báyìí, inú rẹ̀ kò sì kùn mọ́.

Álímọ́ńdì, n kò rà á, owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnìkan sọ fún mi pé ohun kan náà ni pẹ̀lú hóró inú èso fúrúùtù tí àwọn ọmọdé máa ń fi òkúta fọ́ lábẹ́ igi ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ọ̀kan náà, igi ọ̀tọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hóró ti fúrúùtù náà ṣeé jẹ. Ẹni tó bá ráyè fọ́ èyí tó máa kún ife kan, Ọlọ́run máa fún un ní sùúrù. Àsálà, ẹ má wulẹ̀ dán an wò: ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí, tó sì mu omi lé e, mọ bó ṣe ń korò. Wàrà ẹ̀pà ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ se é lẹ́yìn tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn ẹ̀wà tútù kò ní kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìyá ọlọ́mọ: wàrà òfíó àti ti kaṣú kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Purotéènì àti kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó ti màlúù, ẹ má jẹ́ kí ó gba ipò ọmú.

Ó wá ku bọ́tà ẹ̀pà.

Ṣíṣà ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù, kò sì sí bílẹ́ńdà tó lè bá yín ṣe é. Ẹ̀pà tó ti bu, èyí tó dúdú, èyí tó rún, èyí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe sọ pé iná á pa á. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ẹ̀pà tó ti bu wà nínú oúnjẹ wọn, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí májèlé tí wọ́n sọ ní aflatoxin. Yíyan kì í pa á tán. Èmi máa ń tẹ́ ẹ̀pà sórí aṣọ dúdú tó ṣẹ́ kù ní ìsọ̀ ni, kí ojú mi lè rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ yan án, ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá fi iyanrìn yan án bí àwọn ẹlẹ́pà ti ń ṣe, ẹ jọ̀ ọ́ dáadáa. Kó má tíì tutù tán kí ẹ tó dà á sínú jọ́ọ̀gì, torí èyí tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ ló máa ń tètè yọ òróró. Ìdajì jọ́ọ̀gì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ pé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó sinmi, ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ìwé yẹn.

Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ dà. Lẹ́yìn náà ó sá lọ lẹ̀ mọ́ ara jọ́ọ̀gì, abẹ ń yí lófìfo láàárín. Mo paná, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi ṣíbí onígi há a wálẹ̀, mo tún tan án. Ó wá dì, ó di ìṣù kan, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bu omi sí i. Ẹ má ṣe é láéláé! Omi díẹ̀ báyìí, á túbọ̀ le ni, kò sì ní pẹ́ bu. Nǹkan bí ìdajì ara ẹ̀pà ni òróró, inú rẹ̀ ló wà, kò tíì rọ́nà jáde ni. Ẹ fi ṣíbí òróró ẹ̀pà kan ràn án lọ́wọ́, ẹ máa tàn án, ẹ máa pa á, ẹ máa há a.

Èmi há a, mo tàn án, mo pa á. Ìdí ẹ̀rọ náà gbóná débi pé n kò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Òórùn rọ́bà tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ rẹ̀, ó sì kú fúnra rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń já iná bí mọ́tò bá gbóná jù; nígbà tó tutù tán, ó tún tàn. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n sọ fún mi pé á lọ òkúta.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, Oǹdó ni wọ́n ń gbé, wọ́n wá kí wa. Wọ́n yọjú sílé ìdáná.

"Ìyàwó mi, kí ni ẹ̀rọ yẹn ń ké fún?"

"Ẹ̀pà ló ń lọ, Màmá."

"Ẹ̀pà náà ló ń pariwo tó báyìí? Ọlọ yín dà?"

Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n da ohun tó wà nínú jọ́ọ̀gì sórí ọlọ. Wọn ò yára. Wọ́n fi gbogbo èjìká tẹ ọmọ ọlọ síwájú, wọ́n fà á padà fúyẹ́fúyẹ́. Kò pẹ́ tí ojú òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dán, òróró ń yọ sí etí rẹ̀, ẹ̀pà tó dì pọ̀ lọ́dọ̀ mi sì ń yọ̀ wálẹ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́. Kò sí hóró kankan nínú rẹ̀ nígbà tí mo tọ́ ọ wò. Ti bílẹ́ńdà ní hóró, bó ti wù kí n lọ ọ́ tó.

Mo ronú sí i, ó sì yé mi. Abẹ máa ń gé ni, ọlọ máa ń tẹ̀ ni. Fún wàrà, gígé ti tó, torí omi wà níbẹ̀ tí yóò kó ohun tí abẹ bá gé jáde. Bọ́tà kò ní omi. Òróró inú rẹ̀ ni a fẹ́ tẹ̀ jáde, títẹ̀ sì ni iṣẹ́ òkúta. Marcellus Edson, ará Kánádà tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀pà lílọ̀ lọ́dún 1884, kò sọ̀rọ̀ abẹ rárá: àárín ohun méjì tó gbóná ló ní kí wọ́n ti lọ ẹ̀pà yíyan títí yóò fi rọ̀. Màmá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, òkúta wọn kò sì gbóná, ibi kan náà ni wọ́n jọ já sí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí: bílẹ́ńdà á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, ìyẹn kì í pẹ́, ìdí rẹ̀ kì í sì gbóná, ọlọ á parí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọlọ, ife kékeré tó bá bílẹ́ńdà wá fún nǹkan gbígbẹ dára ju jọ́ọ̀gì ńlá lọ, torí ẹ̀pà kò ní àyè láti sá fún abẹ, àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì ni yóò gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ lọ́jà náà lè ṣe é, irin méjì ló ń rin ẹ̀pà láàárín ara wọn. Wàhálà rẹ̀ ni pé ata gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń lọ ṣáájú yín, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rọ kì í sì í fẹ́ gba ẹ̀pà, torí òróró rẹ̀ máa ń ba èlùbọ́ ẹlòmíì jẹ́.

Ohun tó kù nípa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Jọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ ike, òfíó ti há a lára, kò mọ́ gaara mọ́, òórùn ata ilẹ̀ kì í sì kúrò nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní onígíláàsì, ẹ san owó lé e kí ẹ mú un. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Bí iná bá dé láàárín òru tí ẹ fẹ́ sáré lọ òfíó, gbogbo ojúlé ni yóò mọ̀. Bí iná bá wá tí kò lágbára, tí fáànù ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má tan án, ìyẹn lè ba mọ́tò jẹ́. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni eyín rọ́bà kékeré tó so abẹ mọ́ mọ́tò, àti rọ́bà róbótó tó ń dí omi nísàlẹ̀ jọ́ọ̀gì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta méjèèjì lọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ kò ní, mo sì jáde. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sínú rẹ̀, kí wọ́n tan án lójú yín, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ náà sí i, torí bí ẹ bá dá a padà láìsí nọ́ńbà yẹn, wọ́n á ní àwọn kọ́ ló tà á.